Bí Mo Ṣe Di Àbúrò Ara Mi Lójú Ìyàwó Mi

Ẹni tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ni ẹni tí dókítà ti pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì sọ fún un pé ọpọlọ ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Mo mọ bí ọ̀nà ilé ṣe máa ń gùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tèmi ti kú báyìí. Ó ti pẹ́ tí Bísí, ọmọ wa kan ṣoṣo, ti ń rọ̀ mí pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń sún un síwájú, nítorí mo fura pé àwọn ènìyàn á rò pé àánú ni mo ń wá. N kò wá àánú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí o ṣe lè máa tọ́jú aya tí kò gbà pé ìwọ ni ọkọ òun.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé kóòtù ni Ìyá Bísí ní Àkúrẹ́ níbí, títí òun náà fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ Oǹdó ni, èmi jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, a sì kọ́lé sí ọ̀nà Oda. Iṣẹ́ kóòtù ti wọ̀ ọ́ lára. Bí o bá sọ ìtàn fún un, á bi ọ́ pé ta ló rí i, ta ló tún wà níbẹ̀, kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lánàá. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ohun gbogbo, èmi ni n kò fura.

Nǹkan kékeré ló kọ́kọ́ jẹ́. Ó ní ẹnì kan ń wọlé wá gbé ìkòkò ata òun kúrò níbi tí òun gbé e sí. Á fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú gàrí, tí a bá wá a tì, á ní olè ló gbé e. Bí a bá ń lọ sí Oǹdó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sọ fún awakọ̀ pé ọ̀nà Oǹdó kọ́ nìyí, pé wọ́n kàn ṣe é kó jọ ọ́ ni. Awakọ̀ á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ògì àti àkàrà síwájú rẹ̀. Ó wo ojú mi títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tí ènìyàn máa ń lò nínú ọ́fíìsì tí kò dé rí ló lò.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá Bísí dà?”

“Èmi rèé.”

“Rárá o. Ẹ jọ ọ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́.”

Ó rọra ti àwo náà padà sọ́dọ̀ mi.

Mo ṣe ohun tí ìwọ náà ì bá ṣe. Mo gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa wá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó lè rí mi dáadáa. Ó jókòó, ó ká apá mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń bi ẹlẹ́rìí.

“Níbo la ti pàdé?”

“Níbi ìdánrawò àwọn akọrin, ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Oǹdó.”

“Kí ni mo wọ̀?”

“Búláòsì funfun, ó ní bọ́tìnnì lẹ́yìn.”

“Kí ni màmá mi sọ nípa yín?”

“Wọ́n ní mo tínrín jù, pé afẹ́fẹ́ á gbé mi lọ.”

Ó mi orí. “Ẹni tó kọ́ yín kọ́ yín dáadáa. Ọkọ mi gan-an ì bá ti gbàgbé aṣọ tí mo wọ̀.”

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kò sí ẹ̀rí tó lè gbà mí. Bí mo bá ṣi ìdáhùn sọ, a jẹ́ pé n kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, a jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ mi. Ó ní wọ́n ti gbé Bàbá Bísí lọ sí oko kòkó wa ní Bọ́lọ́rundúró, wọ́n sì fi mí sílé kí n lè gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kì í ṣe orúkọ ọkọ nìkan ni mo ń jà fún. Kò jẹ ohun tí mo bá sè. Kò gba omi lọ́wọ́ mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń lò tipẹ́, bí ó bá jẹ́ èmi ni mo gbé e wá, á tu ú dànù. Ó ń rù lójú mi. Bí n kò bá rí ọ̀nà tí yóò fi gba nǹkan lọ́wọ́ mi, ebi ni yóò pa á nínú ilé tí oúnjẹ wà.

Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Oǹdó. Bó ṣe wọlé ni Ìyá Bísí dìde, ó dì mọ́ ọn, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí, ó ń fi ojú tọ́ka sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni Àǹtí Oǹdó máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó gbé ọ̀wọ̀ tì.

“Ó mọ̀ mí,” ó ní. “Ó mọ Bísí lórí fóònù. Ó mọ pásítọ̀ yín, ó mọ ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta. Ìwọ nìkan ni kò mọ̀. Kí lo ṣe fún àbúrò mi?”

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bísí pè láti ìlú òyìnbó.

“Dádì, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ẹ gbọ́wọ́ sókè sí Mọ́mì ni?”

“Bísí.”

“Mo kàn ní kí n bèèrè ni, sà.”

Mo bínú nígbà náà, n kò bínú mọ́. Oníkálukú ló rí nǹkan kan tí kò yé e, tó sì wá ìdí fún un láti inú ohun tó ti mọ̀ láyé. Bísí ti gbọ́ ìtàn àwọn ọkọ tó ń lu aya. Àǹtí Oǹdó ti rí àwọn ọkùnrin tó lé ìyàwó àgbà jáde nítorí ọmọge. Èmi náà ń fura: mo rò pé Àǹtí Oǹdó ló ń kọ́ àbúrò rẹ̀ lóhun tó ń sọ.

Àǹtí Oǹdó mú un lọ sí Oǹdó. Mi ò lè dá a dúró. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló kó aṣọ sínú báàgì. Mo gbọ́ pé wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ alágbo kan. Ọkùnrin náà bèèrè orúkọ mi àti orúkọ ìyá mi kó tó bèèrè ohun tó ń ṣe aláìsàn. Mo fura sí i látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, mo ṣì ń fura sí i dòní. Àgbo rẹ̀ mú un bì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé àdúrà kan ní kó gbààwẹ̀, ẹni tí kò tíì jẹun kánú láti ọjọ́ yìí. Ó ṣubú ní bálùwẹ̀. Bí àwọn ẹbí bá ń gbé oògùn oríṣiríṣi wá fún ẹni tìrẹ, má ṣe bá wọn jà, ṣùgbọ́n má ṣe kúrò níbẹ̀ o. Èmi kò tẹ̀lé wọn lọ, nítorí wọ́n ní ojú mi ló ń dà á láàmú.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ṣubú, mo pe Àǹtí Oǹdó lórí fóònù lọ́sàn-án. Kó tó dá mi lóhùn ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ta nìyẹn? Bàbá Bísí kọ́ nìyẹn? Ẹ fún mi!” Ó já fóònù náà gbà. “Bàbá Bísí! Níbo lẹ wà láti ọjọ́ yìí? Ọkùnrin kan ti wọ ilé wa o! Ó wọ aṣọ yín, ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ẹ tètè máa bọ̀!”

Kò pè mí lórúkọ mi mọ́ láti ọjọ́ ògì àti àkàrà yẹn. Mo ní mo ń bọ̀. Àǹtí Oǹdó gba fóònù padà, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Bàbá Bísí, ojú yín ni kò mọ̀, ohùn yín ló mọ̀. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù.”

A gbé e padà wá sí Àkúrẹ́, sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Ìlà ibẹ̀ gùn dé ẹnu géètì. Àǹtí Oǹdó lọ gba káàdì, ó fi èmi àti ìyàwó mi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ tí ìyàwó mi fi yíjú sí obìnrin tó jókòó tì í.

“Ẹ bá mi pe ọlọ́pàá. Mi ò mọ ọkùnrin yìí. Ó jí mi gbé ni.”

Àwọn ènìyàn yíjú padà. Ọkùnrin kan dìde dúró níwájú mi, ó ní kí n má kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní ojú mi jọ ojú àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Mo ní ìyàwó mi ni. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó pọn ọmọ wá láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ló gbà mí.

“Ẹ̀yin ará, ẹ ronú náà,” ó ní. “Gbọ́mọgbọ́mọ wo ló ń jí èèyàn gbé tó wá ń bá a tò fún dókítà láti àárọ̀?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí akọ̀wé kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ rere. Síbẹ̀, ọkùnrin yẹn kò jókòó títí Àǹtí Oǹdó fi dé.

Dókítà tó rí wa kò ju ẹgbẹ́ Bísí lọ. Lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò, ó sọ fún wa pé àìsàn kan ló ń jẹ ọpọlọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé oògùn lè mú kó rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè lé e lọ. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi nìkan.

“Bàbá, ojú Màmá ríran,” ó ní. “Wọ́n rí i pé ojú yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ẹni tiwa, nǹkan kan máa ń sọ fún ara wa pé ẹni tiwa ni. Nǹkan yẹn ló dákẹ́ nínú wọn. Ara ẹni tó sún mọ́ wọn jù ló sì ti máa ń hàn jù. Ọpọlọ kò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìwá ìdí. Ó ní: ó jọ ọkọ mi, ara mi kò mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ni.”

“Ohùn mi ńkọ́?”

“Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé kò tíì dí. Ẹ má bá wọn jiyàn, sà. Ẹ ò ní borí.”

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe ń lọ sílé. Mo rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó máa ń ṣi ìbéèrè kọ láti ojú pátákó, tí wọ́n á wá ṣe ìṣirò rẹ̀ láìsí àṣìṣe kan. Ìdáhùn wọn kì í bá tiwa mu, ṣùgbọ́n o kò lè sọ pé wọn kò ronú. Bí ìyàwó mi ṣe rí nìyẹn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àìsàn yí padà fún un, òun sì ń ṣe ìyókù bó ṣe tọ́. N kò lè dá nọ́ńbà yẹn padà. Ohun tó kù ni pé kí n fún un ní ìdáhùn mìíràn tí ìṣirò rẹ̀ lè gbà.

Ní ọjọ́ kejì, mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo sì pe fóònù rẹ̀.

“Ìyá Bísí, oko ni mo wà ní Bọ́lọ́rundúró. Iṣẹ́ kòkó kò jẹ́ kí n lè wálé. Ọkùnrin tó wà nílé yẹn, má bẹ̀rù rẹ̀. Àbúrò mi ni.”

“Àbúrò wo? Ẹ kò ní àbúrò ọkùnrin.”

“Bàbá mi ló bí i síta, ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ojú ló tì wá tí a kò fi sọ ọ́.”

Mo rò pé mo ti bà á jẹ́.

“Abájọ tó fi jọ yín!” ó kígbe. “Bàbá yín! Mo ti ń fura sí bàbá yín tipẹ́. Ọkùnrin tó ń lọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí ló ń rà?”

Kí bàbá mi forí jì mí o. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, iṣu ni wọ́n ń rà.

Mo wọlé padà. Ó ti dìde dúró ní pálọ̀, ó tún gèlè wé. Gbogbo ẹni tó bá mọ àṣà wa mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọdé. Òun ló máa fún un ní orúkọ mìíràn. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí eékún rẹ̀ ṣe gbà á láyè.

“Ẹ káàbọ̀. Wọn kò sọ fún mi lásìkò ni. Agùntáṣọ́ọ́lò ni n óò máa pè yín.”

“Ẹ ṣeun, ìyàwó wa.”

“Ṣùgbọ́n ẹ kò ní wọ yàrá ẹ̀gbọ́n yín o.”

“N kò ní wọ̀ ọ́.”

Ó jẹun lọ́jọ́ náà. Iyán díẹ̀ ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, láti ọwọ́ mi. Ó gba oògùn, ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó sì gbé e mì. Mo kó lọ sí yàrá àlejò. Àǹtí Oǹdó kó wá láti máa wẹ̀ ẹ́, nítorí kò sí bí àbúrò ọkọ ṣe lè wẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bísí ní irọ́ ni mo ń pa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Fún ìgbà pípẹ́, ọkùnrin méjì ni mí. Ọ̀kan ń pè láti ẹ̀yìn ilé, ọ̀kan ń se oúnjẹ. Mo máa ń fura nígbà mìíràn pé ó mọ̀, pé ó kàn ń dán mi wò ni. Á gbé fóònù sílẹ̀, á yọjú wo ibi tí mo ti ń wọlé, á ní, “Agùntáṣọ́ọ́lò, ẹ̀gbọ́n yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni. Ẹ ò bá a pàdé?” Á wá máa wò mí.

Lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ kúrò lára ẹni tó ń pè. Bí mo bá pè, kò gbé e mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n jókòó.

“Ohùn Bàbá Bísí nìyẹn,” ó ní, “ṣùgbọ́n mo ti rò ó. Bàbá Bísí tí mo mọ̀, bó bá gbọ́ pé ara mi kò yá, á fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Bọ́lọ́rundúró. Ẹni tó ń pè mí yìí kò wá rí. Wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ tàn mí ni. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ẹ̀gbọ́n yín ti kú?”

N kò lè ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo wo ilẹ̀.

“Ẹ ti dá mi lóhùn,” ó ní.

Ó bọ́ yẹtí rẹ̀, ó ró aṣọ dúdú, ó sì jókòó sórí ẹní. Ó sunkún mi. Ó sọ nípa mi ohun tí kò sọ sí mi létí rí, pé n kì í fi owó pamọ́ fún un, pé mo máa ń fi ohùn kéékèèké kọrin nígbà tí mo bá rò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Láàárín ẹkún ló nawọ́ sí mi. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Agùntáṣọ́ọ́lò. Ẹ̀yin náà pàdánù ẹ̀gbọ́n.” Àǹtí Oǹdó dìde lọ sí ilé ìdáná, kò tètè padà.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bísí, ó kígbe lórí fóònù. “Dádì, ẹ ti pa ara yín!”

Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin bá kú nílẹ̀ wa, àbúrò rẹ̀ lè fẹ́ opó rẹ̀. Àwa tí à ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò gbàgbé òfin kankan. Mo kàn ti fèrèsé nítorí òjò lọ́jọ́ kan ni, ó na ìka sí mi. “Ẹ má rò pé ẹ óò ṣú mi lópó o. Kóòtù ni mo ti ṣiṣẹ́. Mo mọ ẹ̀tọ́ mi.”

“Mo gbọ́, ìyàwó wa.”

Àìsàn ń lọ síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, eékún sì ń dun Àǹtí Oǹdó débi pé kò lè gbé e wọ bálùwẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò lè fọwọ́ kan aya mi. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló yanjú rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ́dọ̀, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọkùnrin yìí, mo ti ń ṣọ́ ọ. Mi ò tíì rí ẹ̀bi rẹ̀. Bó bá fẹ́ fẹ́ mi, kó wá tọrọ mi lọ́wọ́ yín bó ṣe yẹ. Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.”

Mo wọ agbádá. Mo gbé oyin àti iyọ̀ láti ilé ìdáná, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, mo wá kan ilẹ̀kùn iwájú ilé mi. Àǹtí Oǹdó jókòó bí olórí ẹbí, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Kí lẹ rí lára opó ẹ̀gbọ́n yín?”

“Ó máa ń bèèrè ẹ̀rí,” ni mo wí.

“Ó dáa, mo bèèrè,” ìyàwó mi dá sí i láti orí àga. “Kí ni ẹ̀rí pé ẹ óò tọ́jú mi?”

“Oúnjẹ tí ẹ jẹ láàárọ̀.”

Ó rò ó. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. “Mo gbà.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ títí tó fi kú.

A sin ín sí Oǹdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òbí rẹ̀. Ara mi yá. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi, mo sì ti ní kí dókítà yẹn wo orí mi, nítorí mo ti ń fura sí ara mi pẹ̀lú bí mo bá wá kọ́kọ́rọ́ tì. Ó ní kò sí nǹkan kan. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí bóyá ó mọ̀ mí kó tó lọ. Wọ́n fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Rárá, kò mọ̀ mí. Ìwọ tí o ń ka èyí, bóyá tìrẹ kò ní mọ̀ ọ́ mọ́. Gba ilé ìwòsàn lọ ní kíá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ebi wò ó sàn, má sì lo agbára tó kù fún ọ láti fi bá a jiyàn orúkọ rẹ. Wádìí ohun tó ń rò. Ibẹ̀ ni kí o ti wá àyè fún ara rẹ.

Ọ̀rọ̀ gígùn tó sọ kẹ́yìn, orí oúnjẹ ló ti sọ ọ́. Mo ń fi ṣíbí fún un ní ògì. Ó dá ọwọ́ mi dúró.

“Ẹ̀gbọ́n yín ṣe dáadáa sí mi, mi ò ní parọ́ mọ́ òkú,” ó ní. “Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn yìí dé, kò yọjú. Ẹ̀yin ni mo rí.”

Mo fẹ́ gbèjà ẹ̀gbọ́n mi. Mo bu ṣíbí mìíràn, ó sì gbà á.